Omi Òrùlé, Ibo Ni Kó Gbà?

Igun kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Bowie, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, tí kì í gbẹ. Òjò lè ti dá láti ọjọ́ mẹ́ta, kí koríko yòókù ti gbẹ débi tí ọmọdé lè jókòó lé e, ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ igun yẹn, omi á ru sókè bo etí bàtà. Koríko tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ti kú. Kì í ṣe òùngbẹ ló pa á. Gbòǹgbò koríko náà ń mí, omi tó bá sì dúró lé e lórí pẹ́ títí á sé e léèémí. Ewédò ló jogún ibẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko kì í ti ẹ̀rọ rẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ó máa ń yí i po ni, á fi igun náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọ̀kan nínú páìpù mẹ́rin tó ń sọ omi kalẹ̀ láti gọ́tà etí òrùlé ló wà lókè igun náà. Ẹni tó ni ilé kí a tó rà á ti so páìpù dúdú rírọ̀ kan, irú èyí tí ara rẹ̀ hunjọ, mọ́ ìdí rẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀, ó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wú ilẹ̀ tọ páìpù náà lọ, abẹ́ koríko ló parí sí, kò yọjú síta níbì kankan. Ewé igi àti iyẹ̀pẹ̀ ti dí i pa. Omi òrùlé á wọ inú rẹ̀ tán, á wá ọ̀nà àbáyọ títí, kò ní rí, á wá máa sun jáde lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣírò omi òrùlé rí kò lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìṣirò náà kò le: mílímítà òjò kan lórí àyè tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òrùlé tiwa bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 111. Bí òjò ínǹṣì kan bá rọ̀, ìyẹn bíi mílímítà 25, èyí tí kì í ṣe òjò ńlá níhìn-ín rárá, nǹkan bíi 2,800 lítà ni òrùlé náà yóò gbà. Pín in sọ́nà mẹ́rin, páìpù kọ̀ọ̀kan á da 700 lítà sílẹ̀ sójú kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró sí igun ilé rẹ, tó ń da garawa omi márùndínlógójì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò kúrò lójú kan náà. Koríko wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè yìí lọ́dún ju mílímítà 1,000 lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn ní àkókò: láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ilẹ̀ á gbẹ, á sì la ẹnu. Maryland kò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń mú tirẹ̀ wá, yálà òjò tàbí yìnyín tó máa padà yọ́ di omi, ilẹ̀ kì í sì í rí àyè sinmi.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà. Wọ́n á jókòó sí ojú fèrèsé kíṣìnnì bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á máa wo bí omi ṣe ń tú jáde ní ìdí páìpù. Nígbà tó yá, wọn ò lè mú un mọ́ra.

"Ṣé ẹ ò ní gbé nǹkan sí i ni?"

Mo ní, "Màmá, omi ẹ̀rọ wà nílé."

"Ṣé mo ní kò sí ni?"

Ọ̀rọ̀ wọn kò yà mí lẹ́nu. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ní páànù lórí ti ní omi. Bí òjò bá ti ṣú, kí ó tó rọ̀ rárá, bàsíà, ìkòkò, garawa àti dúrọ́ọ̀mù á ti wà ní ìlà lábẹ́ etí òrùlé. Òjò àkọ́rọ̀ nìkan la máa ń jẹ́ kó lọ lásán, nítorí eruku ọyẹ́ tó wà lórí páànù. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òṣòòrò ti di ohun ìní. Ìjà tiẹ̀ máa ń wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn ayálégbé, ta ló ni igun tí omi ti ń ya jù. Kò sẹ́ni tó ń ronú bí yóò ṣe lé e lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí gbogbo ohun èlò kún ló máa ń di àgbàrá, tó máa ń gbẹ́ ojú ilẹ̀ lábẹ́ òrùlé títí ìpìlẹ̀ ilé ẹlẹ́rùpẹ̀ á fi yọ síta.

Nítorí Màmá, mo ra àgbá. Ìjọba káńtì wa ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Rain Check Rebate, tó máa ń dá lára owó padà fún onílé tó bá gbé àgbá sábẹ́ gọ́tà tàbí tó gbẹ́ ọgbà òjò, ìyẹn kòtò tí a gbin ewéko sí kó lè gba omi òjò. Inú Màmá dùn sí i gan-an. Kò tíì yé wọn títí di òní bí ìjọba ṣe lè máa sanwó fún ènìyàn pé ó gbe omi òjò. Ṣùgbọ́n àgbá tó wọ́pọ̀ kì í gbà ju 208 lítà lọ. Lójú ìṣirò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí òjò tó pé mílímítà mẹ́jọ, ó ti kún, ó ti ń ṣàn sílẹ̀. Àgbá náà dára fún bíbomi rin ẹ̀fọ́ (omi inú rẹ̀ kò ṣe é mu, kò sì ṣe é se oúnjẹ, nítorí ọ̀dà ló wà lára òrùlé ibí, kì í ṣe páànù), ṣùgbọ́n kò lè gba igun yẹn là.

A pe iléeṣẹ́ kan pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wá. Ó rìn yí ilé ká, ó ní kí a wú gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ká rì páìpù yí ilé po, ká gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú àjà ilẹ̀, ká sì da omi náà sí ìdí ọgbà tó pààlà pẹ̀lú ilé ẹ̀yìn. Iye tó pè ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ tí mo ń wà lọ. Mo dúpẹ́, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ti ń ṣe iṣẹ́ páìpù nílùú yìí ó ti pẹ́. Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìpàdé. Mo ti múra àlàyé sílẹ̀: bí mo ṣe fẹ́ kí omi náà kúrò lórí koríko, bí mo ṣe fẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá béèrè pé, "Àbúrò, ibo lo fẹ́ kó gbà?"

Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n fẹ́ràn tòmátò, wọ́n sì máa ń na tiwa sí wa lórí ọgbà bó bá so.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n ti gba ọkàn mi. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa omi òrùlé, bí èèyàn ṣe lè lé e kúrò ló dá lé lórí. Ó yẹ kí ilẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lára ìpìlẹ̀ ilé, ínǹṣì mẹ́fà láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé kíkọ́ tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà wí. Ó dára. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ńkọ́? Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe náà kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onílé kejì lẹ́yìn tí onílé àkọ́kọ́ ti kọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn sì ni mí, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé mi. A mọ Omíyalé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó kó ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tún gbé afárá lọ káàkiri ìlú, ẹni tó bá a rìn sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lẹ́yìn ìkún omi bẹ́ẹ̀, pàǹtí inú odò la máa ń dá lẹ́bi, àti àwọn tó kọ́lé sí bèbè odò. A kò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sí Mápó tó wo ìsàlẹ̀, páànù ni yóò rí, páànù lórí páànù, láìsí àyè tí ilẹ̀ fi lè gba omi láàárín wọn. Olúkúlùkù ti ti omi tirẹ̀ sí ojúde, ojúde ti tì í sí gọ́tà, gọ́tà ti tì í sí Ògùnpa. Ní báyìí tí a tún wá ń fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, ibo la ní kó gbà?

Àwọn tó ṣáájú wa ní Ifẹ̀ náà tẹ́ ilẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n tò ó ní ìdúró, etí sókè, lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìtàn gbé iṣẹ́ náà fún Lúwo, obìnrin tó jọba Ọọ̀ni. Peter Garlake, awalẹ̀wá ohun àtijọ́, wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Bí a bá ronú nípa agbo ilé àtijọ́, tí òrùlé rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ wá sínú, tí gbogbo omi rẹ̀ ń dà sí àárín ibi tí ènìyàn ti ń jẹ, tó ń sùn, a óò rí i pé wọ́n gbà kí omi náà kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n wá ná. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ dè é, wọ́n sì ń bu ú lò.

Omi tí a bá dà sí títì níbí náà kò pòórá. Ojúhò tí wọ́n ṣe sí etí títì kò bá ti ilé ìgbẹ́ pàdé, kò sì sẹ́ni tó ń fọ omi inú rẹ̀ mọ́. Ládùúgbò wa, ó ń gba ibẹ̀ lọ sí Collington Branch, ó ti ibẹ̀ wọ Western Branch, ó wọ odò Patuxent, ó sì parí sí Chesapeake, omi ńlá tó já sí òkun, pẹ̀lú ajílẹ̀ tí a dà sórí koríko àti epo tí ọkọ̀ wa jò. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ Maryland ṣe ṣòfin lọ́dún 2012 pé kí àwọn káńtì ńlá máa gba owó lọ́wọ́ onílé lórí omi tó ń ṣàn kúrò lórí òrùlé àti kọnkéré. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ sọ ọ́ ní owó orí òjò, wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ìjọba fi dẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2015, tó di pé káńtì tó bá wù ló ń gbà á. Èmi kò bínú sí owó náà. Èyí tó dùn mí ni pé ẹ̀fẹ̀ náà dùn ju àlàyé lọ.

Nínú káńtì tiwa yìí gan-an ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbà òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Dick Brinker, tó ń kọ́ àwọn ilé kan ní àdúgbò Somerset, kò fẹ́ gbẹ́ adágún tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún omi òjò. Ó gbé èrò kan tọ Larry Coffman lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àyíká ní káńtì: kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn díẹ̀ sí ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbin ewéko sínú rẹ̀, kí omi òrùlé onílé máa parí sínú ilẹ̀ onílé. Nígbà tí mo ń ka ìtàn yìí sókè fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn balùwẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. Ilé wo nílẹ̀ Yorùbá ni omi ìwẹ̀ rẹ̀ kì í ṣàn lọ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò lẹ́yìn balùwẹ̀? Kò sẹ́ni tó gba owó láti wá ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò fẹ́ràn omi, pé ibi tí omi bá pọ̀ sí la ń gbìn wọ́n sí. Kókò náà á so, ilẹ̀ náà kò sì ní di àbàtà.

Kí a tó gbé ṣọ́bìrì, Ẹ̀gbọ́n ní kí n pe 811. Òfin ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn Miss Utility, tó ń gba ìpè náà, á jẹ́ kí àwọn tó ni wáyà àti páìpù abẹ́ ilẹ̀ wá fi àmì sí i: pupa fún iná mànàmáná, yẹ́lò fún gáàsì, àwọ̀ ọsàn fún tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, búlúù fún omi, àwọ̀ ewé fún ìdọ̀tí. Ó kéré tán, èèyàn á dúró ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Wọ́n kun koríko wa lóríṣiríṣi, Màmá sì ń béèrè bóyá àwọn olóṣèlú ló wá.

Lẹ́yìn náà la wá dán ilẹ̀ wò. A gbẹ́ ihò kéékèèké, a rọ omi kún wọn, a sì lọ sùn. Ní igun àbàtà, omi náà ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí a ṣe rọ ọ́ sí. Amọ̀ ni ibẹ̀, amọ̀ kì í mu omi kíákíá. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, lápá títì, níbi tí ilẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ yanrìn, ihò ti gbẹ pátápátá. Ohun tó pinnu gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbẹ́ ọgbà òjò sí ibi tí omi ti ń dúró tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ó ti yan ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà á ni. Bí omi kò bá wọlẹ̀ tán láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀fọn á fi ibẹ̀ ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ.

Amọ̀ agbègbè wa sì ní èyí tó burú ju amọ̀ lọ. Amọ̀ Marlboro ni wọ́n ń pè é, bí omi bá rin ín gbingbin lábẹ́ òkè, ó máa ń yọ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2014, lẹ́yìn òjò ńlá, ilẹ̀ yọ̀ ní Piscataway Hills ní Fort Washington, nínú káńtì yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ní láti fi ilé wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé lórí òkè, kó má kàn rì páìpù, kó tẹnu rẹ̀ sí ojú òkè nítorí pé ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹni tó mọ ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè.

A yọ páìpù dúdú yẹn jù. Ẹ̀gbọ́n kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ibi tó hunjọ ló ń di ewé mú, kò sì ṣe é fọ̀. Páìpù funfun tí inú rẹ̀ ń dán, oníínǹṣì mẹ́rin, la lò, a sì fi àwọ̀n sí ìdí gọ́tà níbi tí ewé á ti máa dúró kí ó tó wọlẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló gba àkókò. Ó kéré tán, ó yẹ kó lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì márùn-ún lórí ogójì ẹsẹ̀ bàtà tí a ní láti rìn. Ínǹṣì márùn-ún kéré gan-an lójú. Ibi tí páìpù bá ti tẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ á jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé e ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, wọ́n ń sọ fún mi pé, "Bu díẹ̀ kúrò. Ó tó. Dá díẹ̀ padà." Ẹ̀yìn mi kò gbàgbé.

Kòtò ọgbà náà kò ju ínǹṣì mẹ́fà jíjìn lọ, ó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. A po ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ yanrìn àti ewé jíjẹrà, a to òkúta sí ẹnu páìpù kí omi má baà gbẹ́ ẹ. A gbin òdòdó àwọ̀ yẹ́lò tó jẹ́ òdòdó ìpínlẹ̀ Maryland sí etí rẹ̀, ó lè fara da gbígbẹ. A fi ewéko tí wọ́n ń pè ní swamp milkweed sí àárín, èyí tí òjò kò lè pa. A lo ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ní etí kòtò, níhà títì, fún àṣẹ́kù òjò ńlá. Ìyẹn kì í ṣe níhà Bàbá onítòmátò. Màmá gbin kókò sí ẹ̀bá ẹnu páìpù láì bi ẹnikẹ́ni. Ewé rẹ̀ ti fẹ̀ ju gbogbo ohun tí a fowó rà lọ kí oṣù kẹjọ tó parí. A ní láti wú iṣu rẹ̀ kí yìnyín tó dé, ká gbé e pamọ́ sínú àjà ilẹ̀, ká tún un gbìn nígbà tí ooru bá padà.

Koríko igun yẹn kò tíì padà bọ̀ sípò tán. Ilẹ̀ tí omi ti rin fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ki, ó gba kéèyàn gún un ní ihò kéékèèké kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gígé koríko ti ń kọjá lórí rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù ni páìpù iwájú, tó ń da omi sórí kọnkéré tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Nínú oṣù kìíní, omi náà á dì síbẹ̀ lóru, yóò sì máa dán dé òwúrọ̀, iyọ̀ la sì fi ń yọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ti wá wọn ibẹ̀. Wọ́n ní ká gé kọnkéré náà lójú, ká la ọ̀nà omi gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó lọ pàdé ti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ ká sinmi ná. Kí a tó ṣe é, Ẹ̀gbọ́n ní kí n fọwọ́ rọra da iyọ̀, nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀nà omi bá là, inú kókò ni iyọ̀ náà ń lọ.